Ta Ni Yóò Túmọ̀ Orin Ambrose Campbell fún Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní ìdálẹ̀, ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti fàájì. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ti wà ní ọkàn mi láti ọdún 2006, tí mo ń gbé kiri bí ẹni tí ó jẹ gbèsè tí olówó kò tíì wá sìn.

Ní ọdún náà, ọmọkùnrin mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé mú àwo orin kan wá sí ilé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, pé gìtá inú rẹ̀ dùn mọ́ òun, àti pé Yorùbá ni olórin náà fi ń kọrin. Wọ́n fi í sí ẹ̀rọ. Bí orin náà ti ń lọ ni ọmọ òyìnbó yìí yíjú sí ọmọ mi, ó ní kí ó jọ̀wọ́ túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ fún òun. Ọmọ mi yíjú sí mi. Èmi náà kò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣàn, nítorí pé bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, mo sì dáhùn láì ronú pé, "Ẹnì kan ni ó ń yìn." Àwọn méjèèjì mi orí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọmọ tí ìyá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lórúkọ àti ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò mọ ọ̀nà Nàìjíríà rí jókòó lórí àga kan náà, òye tí àwọn méjèèjì ní nípa orin náà sì dọ́gba: wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọkùnrin tí ń kọrin nínú àwo náà ni Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell, ẹni tí a mọ̀ sí Ambrose Campbell. Kí n tó sọ ohun tí ó ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti rìn ṣáájú wa ní àwọn òpópónà tí a ń gbà lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ìlú Èkó ni a ti bí i, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1919. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun ni ó gbé e dé Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí ogun parí ní ilẹ̀ Yúróòpù tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tú síta láti yọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìlù àti gìtá wọn wọ àárín èrò ní Piccadilly, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ilé wọn. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ West African Rhythm Brothers ni ó ń lùlù fún Les Ballets Nègres, ẹgbẹ́ oníjó tí Berto Pasuka, ọmọ Jàmáíkà, dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n di ẹni tí a ń lọ gbọ́ ní alẹ́ ní Soho, pàápàá jù lọ ní ilé ìgbafẹ́ tí ń jẹ́ Abalabi, níbi tí àwọn atukọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn ará Kàríbíánì àti àwọn òyìnbó tí wọ́n fẹ́ràn ìlù ti ń fi èjìká gbún ara wọn. Orin atẹ́gìtá èrò ẹmu àti aṣíkò ti Èkó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn afọnfèrè láti Barbados, bí Harry Beckett, wà lára àwọn tí wọ́n bá a ṣeré. Ilé-iṣẹ́ Melodisc ti Emil Shalit ni ó ń ká orin rẹ̀ sínú àwo. Wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń dì í sínú ọkọ̀ òkun lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Fẹlá dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958 láti kọ́ orin ní Trinity College of Music, ó bá ọkùnrin yìí níbẹ̀.

Ní ọdún 1972, Campbell ré kọjá sí Amẹ́ríkà, ó bá Leon Russell kiri, ó sì gbé ọ̀hún fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ó di arúgbó, ó padà wá sí Ìlú Ọba, ìlú Plymouth ni ó sì ti jáde láyé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2006. Ní ọdún yẹn kan náà ni Honest Jon's, ìsọ̀ àwo orin kan ní Portobello Road, kó àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ jọ sínú àwo tuntun. Àwo yìí ni ọ̀rẹ́ ọmọ mi rà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé àwọn àwo rẹ̀ kò bá ti fọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ojú tì mí díẹ̀. Bàbá mi ní irú àwo bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kan ní Èkó. Nígbà tí ó kú, a pín aṣọ rẹ̀, a pín aago rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè àpótí náà.

Ní tèmi o, kì í ṣe òkìkí Campbell ni ó yà mí lẹ́nu. Èdè tí ó fi kọrin ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín òyìnbó, ní àkókò tí àwọn onílé ń kọ ọ́ sára fèrèsé pé àwọn kò gba adúláwọ̀, dúró ní àárín Soho, ó fi Yorùbá kọrin fún ẹni tí ó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́. Ó kọ orin Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ pẹ̀lú, èmi kò sọ pé kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òkú, tí ó bá kan ìwà, tí ó bá kan ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, Yorùbá ni ó ń sọ ọ́. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún òun láyè.

Ẹ sì wo irú orin tí ó jẹ́. Àwọn olórin Èkó ìgbà náà kì í kọrin lásán, ìtàn ni wọ́n ń pa. Wọn a dárúkọ ènìyàn, wọn a dárúkọ bàbá rẹ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ kan tọ́ka sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọn a ju òwe kan sí i, lẹ́yìn náà gìtá a gbà á. Ìyókù wà lọ́wọ́ olùgbọ́. Ẹni tí ó mọ ìtàn náà yóò rẹ́rìn-ín tàbí kí ó sunkún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa jó. Campbell ṣe orin ìrántí fún Olóyè J.K. Randle, gbajúmọ̀ ọmọ Èkó. Títí di òní yìí, orúkọ Randle wà lára ilé àṣà Yorùbá tí ó wà ní Oníkan. Ẹ rò ó wò ná: ènìyàn pàtàkì kú ní Èkó, ọmọ Èkó kan tí òkun dí mọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò lè lọ bá wọn sin ín, ni ó bá wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń ká orin, ó fi àwo ránṣẹ́ sí ilé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi owó ìsìnkú ránṣẹ́. Àwa tí a ti tẹ́tí sí ìsìnkú bàbá tàbí ìyá wa lórí tẹlifóònù nítorí pé ìwé ìgbélùú kò tíì jáde, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé irú orin bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Campbell wé ẹlòmíràn tí wọ́n jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lord Kitchener, olórin kàlípísò láti Trinidad, bá ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, ó sì kọrin nípa Lọ́ńdọ̀nù níwájú ẹ̀rọ akáwòrán kí ó tó rí ibi sùn. Òun náà ń pa ìtàn nínú orin: ọ̀rọ̀ onílé burúkú, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ òmìnira Gánà. Melodisc kan náà ni ó ká òun pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni kàlípísò rẹ̀. Ọmọ ọmọ ará Trinidad tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè gbé àwo Kitchener síta lónìí, kí ó sì rẹ́rìn-ín ní ibi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti rẹ́rìn-ín. Ìyàtọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Orin Kitchener lè dá rìn láì sí òbí. Orin Campbell nílò ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ wọ inú ilé.

Báwo ni ọmọ mi ṣe wá di ẹni tí kò gbọ́? Kì í ṣe ọlọ̀tẹ̀ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé èmi àti ìyá rẹ̀ kórìíra èdè wa. Títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́rin, Yorùbá ni ó ń sọ. Ó ń sọ ọ́ débi pé ó máa ń bá ológbò aládùúgbò wa wí. Ní ọdún 1993, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ rẹ̀ pè wá. Obìnrin náà fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé ọmọ náà kì í tètè dáhùn ní kíláàsì, pé ó dà bí ẹni pé èdè méjì ń dà á lọ́kàn rú, àti pé yóò dára bí a bá lè máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nínú ilé. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A dé ilé, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Yorùbá bí ẹni tí ó lé àlejò jáde ní òru. Lónìí, àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ọmọdé lè gbọ́ èdè méjì, àní mẹ́ta, láì jẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì lára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi dé etí mi, ọmọ mi ti ń fá irùngbọ̀n. N kò bínú sí olùkọ́ náà mọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sọ. Ara mi ni mo ń bínú sí, pé mo fi ẹ̀rù gba ìmọ̀ràn tí Campbell kì bá tí gbà.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwa ń fi orin Yorùbá tọ́ ọmọ tiwa o. Kò sí àríyá tí a lọ tí wọn kì í gbọ́ Sunny Adé àti Ebenezer Obey." Mo gbọ́. Èmi náà ń lọ sí àríyá. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà ń náwó sí iwájú orí olórin, àwọn ìyá ń fún gèlè wọn mọ́ra, àwọn ọmọ sì kó ara wọn jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, olúkúlùkù tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, wọ́n ń retí ìgbà tí ìrẹsì yóò dé. Ariwo dé etí wọn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kò dé ibẹ̀. Ọmọ tí ó ti gbọ́ Obey ní ọgọ́rùn-ún àríyá tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sọ fún un pé, "Wò ó, ohun tí bàbá yìí ń sọ nìyí, ìdí tí ó fi ń sọ ọ́ sì nìyí," ọmọ náà mọ ijó, kò mọ orin. Ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé dára, mo sì ń yin àwọn tí ń ṣe é láì gba owó, ṣùgbọ́n wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnu òbí yẹ kí ó ṣe.

Ẹ rántí bí a ti ń pa àlọ́ fún wa. Àlọ́ àpagbè ní ìtàn, ó sì ní orin. Àgbà a sọ ìtàn títí ìdààmú yóò fi bá Ìjàpá, nígbà náà ni yóò dá orin, àwa a sì gbè é. Kò sí ọmọ tí ń gbe orin náà tí kò mọ ìdí tí Ìjàpá fi ń bẹ̀bẹ̀. Bí a bá mú ìtàn kúrò, tí a fi ègbè nìkan sílẹ̀, kí ni ó kù? Ohùn dídùn ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a ń ṣe sí àwọn ọmọ wa nìyẹn nígbà tí a bá fi àwo sí ẹ̀rọ tí a sì wọ inú kíṣíìnì lọ.

Ẹ sì má ṣe rò pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n ń tẹ àkọlé orin wa ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà kò mọ àmì ohùn, wọn kò sì ní lẹ́tà tí a ń fi nǹkan sí nídìí. Bí wọ́n bá tẹ "oko" síbẹ̀, ṣé ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí oko tí a ti ń wu iṣu? Ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò mọ̀ ọ́n nígbà tí orin bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohùn orin Campbell ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun àtijọ́ ni èyí láàárín wa. Ní ọdún 1922, nígbà tí Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, wá sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì kọ orin tí ó lé ní 40 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, òun náà ti mọ̀ pé bí a bá fi ohùn orin òyìnbó gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà lè yí padà di ẹ̀gàn tàbí ẹ̀rín. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń wá ohùn tí ó bá ẹnu wa mu fún orin ìyìn. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé fífi ohùn Yorùbá sínú àwo ní ìlú yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀nà náà ti pẹ́. Àwa ni a kò fi í han ọmọ.

Ẹ̀rù tí ń bà mí kì í ṣe pé orin náà yóò parun. Kò ní parun mọ́, ó ti wà níbi gbogbo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé yóò wà, kò sì ní sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹbí wa rí. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lukumí ń kọrin fún Ògún, fún Yemọja àti fún Ọ̀ṣun títí di òní, orin náà sì jẹ́ Yorùbá tí etí wa lè dá mọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fi èdè náà pe ọmọ wá jẹun mọ́. Ní ọdún 1957, Lydia Cabrera tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Lukumí jáde, tí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn àgbàlagbà ni ó ti ṣà wọ́n jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀pà lẹ́yìn ìkórè. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà ní ọdún 1940 sí 1941, ó sì bá àwọn tí wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Iye wọn ti kéré nígbà náà. Èmi kò fi èyí bú àwọn ará wa wọ̀nyẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹrú ni wọ́n kó wọn lọ, wọ́n tú ọkọ àti aya ká, wọ́n gba orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi orin pamọ́ sínú ẹnu. Àwa ńkọ́? Ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbé wa wá. A san owó rẹ̀. Ta ni ó fi ẹgba lé wa kúrò lórí èdè wa?

Ní ọdún tí ó kọjá, mo gbìyànjú láti san lára gbèsè mi. Ọmọ mi ti di bàbá, ó ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Mo sọ fún un pé kí ó máa mú ọmọ náà wá ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn méjèèjì wá gbọ́ orin kan ṣoṣo. Orin kan péré, kì í ṣe odindi àwo. Mo ti pinnu pé n óò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, n óò sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní ìlà dé ìlà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò. Kí n má purọ́ fún yín, n kò lè kọ ọ́ tán. Àwọn ibì kan wà tí Yorùbá rẹ̀ jẹ́ ti Èkó àtijọ́, ó ré kọjá mi. Èmi tí mo ń bínú sí ọmọ mi ní inú mi láti ọjọ́ yìí, èmi gan-an kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bóyá ìdí tí mo fi tètè dáhùn ní ọdún 2006 nìyẹn.

Mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá náà ti lé ní ọdún 85, etí rẹ̀ ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́. Mo gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí orin náà lọ. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ìlà ti já. Nígbà tí ó yá ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń bá olórin náà kọ ọ́, ó tilẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Ọkọ mi, níbo ni ẹ ti rí èyí?" Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ ilé kan ṣoṣo tí ó ní giramafóònù ní òpópónà wọn, bí àwọn ọmọbìnrin ti máa ń dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, àti bí bàbá mi, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ti fi owó oúnjẹ ra àwo tí ìyá wọn sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ èyí rí láyé mi. Ó wá ṣàlàyé àwọn ibi tí ó rú mi lójú. Ohun kan tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, orúkọ ènìyàn ni.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí kò nira. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ óò mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ mú orin kan, ti Campbell ni o, ti Àyìndé Bákàrè ni o, orin tí ìyá yín fi ń rẹ̀ yín ni o. Ẹ pe àgbà kan ní ilé kí ó tó pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ bí ẹ ti ń béèrè, kí ó rí i pé ẹ̀yin náà ń kọ́ ẹ̀kọ́, nítorí pé ohun tí ó ń tì wọ́n lójú ni pé wọ́n rò pé àwọn nìkan ni kò mọ̀. Fóònù tí a fi ń wo ìsọkúsọ lè gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Èmi ti gba ohùn àbúrò bàbá mi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 52. Ọmọ mi ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé báyìí, ó ń fi àmì ohùn sí i. Ó máa ń ṣì í kọ. Ó máa ń pè mí ní ọ̀gànjọ́ òru láti béèrè bóyá dò ni tàbí mí.

Ọmọ ọmọ mi kò ní sùúrù fún àmì ohùn. Ègbè ni òun kọ́kọ́ mú, ó ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀, ó ń kọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, ó ní kí n sọ ìtàn ọkùnrin tí ń kọrin náà fún òun, mo sì sọ ọ́: Èkó, ọkọ̀ òkun, Piccadilly, Soho, Amẹ́ríkà. Ó béèrè ibi tí ó wá parí rẹ̀ sí. Mo ní Plymouth. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá Àgbà, ṣé Plymouth ni ilé rẹ̀ nígbà náà?"

Bàbá rẹ̀ wo ojú mi. Lọ́tẹ̀ yìí tẹlifíṣàn kò sí ní títàn. Mo sọ fún un pé ìbéèrè àgbà ni ó béèrè yẹn, pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ orin kejì, nítorí pé màmá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti ṣe ìlérí láti gbé fóònù ní aago mẹ́rin.